Igbó Orí Tábìlì

Ohun tó máa ń jí mi láàárọ̀ nínú agboolé wa ní Zangouettin, nílùú Ouaga, kì í ṣe àkùkọ, ìgbálẹ̀ Ìyá Kékeré ni. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ilẹ̀kùn Ìyá Àgbà, ìyá Bàbá mi, wọ́n á gbálẹ̀ yípo igi dóńgóyárò tó wà láàárín ọgbà, wọ́n á gbá a dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n á wá dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n á wo apá ọjà, wọ́n á wo apá ibi tí ọkọ̀ ojú irin máa ń gbà wọlé, kí wọ́n tó padà sẹ́yìn. Mo rò pé bí gbogbo obìnrin ṣe ń gbálẹ̀ nìyẹn. Lẹ́yìn ìgbálẹ̀ ló kan odó. Àwọn obìnrin Mọ̀síì, àwọn onílẹ̀, tó wà ní ilé kejì á máa gún ọkà bàbà, àwa náà á máa gún tiwa, odó méjèèjì á máa dá ara wọn lóhùn lórí ògiri. Ẹ̀yìn náà ni ikọ́ Ìyá Àgbà àti ìró tẹ̀sùbáà wọn, lẹ́yìn náà ni òòlù Bàbá mi, tí wọ́n ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lábẹ́ páànù tó kọjú sí ọ̀nà. Mo ń ka àwọn ìró wọ̀nyí nítorí pé kò sí ohun mìíràn tó kù níbẹ̀ mọ́. Wọ́n ti wó Zangouettin. Ọmọ-ọmọ mi fi moto gbé mi kọjá níbẹ̀ láìpẹ́ yìí, mo ní kó dúró kí n fi ibi tí ilé wa wà hàn án, mo yí ojú kiri títí, mi ò rí ohun tí mo lè na ọwọ́ sí. Inú bí mi. Ọmọ náà rò pé òun ló ṣẹ̀ mí.

Ìyá Kékeré kọ́ ló bí mi. Ìyá tó bí mi kú lórí ìkúnlẹ̀. Ìyá Kékeré, Sàlámátù lórúkọ wọn, ni ìyàwó Lásísì, àbúrò Bàbá mi. Àwọn ni wọ́n fi ògì ọkà àti mílíìkì inú agolo tọ́ mi, ẹ̀yìn wọn ni mo ti kọ́kọ́ rí ayé. Lásísì ní tirẹ̀, mi ò rí i rí. Àwọn Faransé ló kó òun àti Bàbá mi lọ sógun ní ilẹ̀ Indoṣíìnì, lọ́nà jíjìn réré lẹ́yìn òkun, nígbà tí Ìyá Kékeré kò tíì pé oṣù mẹ́ta nílé ọkọ. Bàbá nìkan ló padà. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ bí wọ́n ṣe sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin, tí Ìyá Àgbà na ọwọ́ méjèèjì sí wọn tí ojú wọn sì ń wá ẹnìkejì, ni pé, "Ó ń bọ̀ lẹ́yìn." Ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tí wọ́n ti sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Àwọn Faransé ti ká àsíá wọn kúrò, àwọn ọmọ ogun tuntun ti ń tò lọ lójú pópó nínú aṣọ tuntun, Lásísì ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn. Lójú mi, ọ̀dọ́mọkùnrin tó kéré sí ọmọ mi àbígbẹ̀yìn ni, ìdí nìyẹn tí n kò fi lè bọ̀wọ̀ àgbà fún un títí di òní.

Gbogbo ìrọ̀lẹ́ la máa ń bu oúnjẹ Lásísì sọ́tọ̀. Òkèlè ọkà àti ọbẹ̀ ilá gbígbẹ ni, tàbí ẹ̀wà lọ́jọ́ tí ọjà bá dára. Bí Ìyá Kékeré bá ti ń gbé ìkòkò kalẹ̀, Ìyá Àgbà á ké láti ibi tí wọ́n jókòó sí pé, "Ìyàwó, ṣé o ti bu ti Lásísì?" Ìyá Kékeré á ní, "Mo ti bù ú, Ìyá." Wọ́n á fi abọ́ dé e lórí àpótí. Tí ilẹ̀ bá mọ́, èmi ni mo ń jẹ ẹ́. Oúnjẹ rẹ̀ ló jẹ́ kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi kún rọ̀bọ̀tọ̀ láàárín àwọn ẹgbẹ́ mi tó ń fi ìka ka egungun ìhà ara wọn. Gbogbo ará agboolé ló ń pe Ìyá Kékeré ní Ìyàwó, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti ń hu ewú ní ẹ̀bátí. N kò rí ohun tó burú nínú rẹ̀. Ọmọ tó bá yó kì í sábà rí nǹkan.

Ọdún yẹn ni Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í gbin igbó sórí tábìlì. Wọ́n gbé ilẹ̀kùn àtijọ́ kan ka orí àgbá epo méjì lábẹ́ páànù, wọ́n sì gbé agolo kan jáde tí wọ́n gbé bọ̀ láti ogun. Àwọn sójà kéékèèké tí wọ́n fi òjé rọ ló wà nínú rẹ̀, gíga wọn kò ju ìka kan lọ, àwọn kan ń yìnbọn, àwọn kan dọ̀bálẹ̀, ọ̀kan gbé ọwọ́ sókè bí ẹni ń pe èèyàn. Òyìnbó ọ̀gá wọn ló ni wọ́n, ẹni tí Bàbá máa ń fọ aṣọ rẹ̀ níbẹ̀. Bí òun àti àwọn ọ̀gá bíi tirẹ̀ bá ti ti ibi ìjà dé, wọ́n á jókòó síbi tábìlì, wọ́n á tún máa ja ìjà mìíràn pẹ̀lú àwọn ọmọ òjé yìí, nínú igbó kékeré kan tí wọ́n fi ọkọ̀ òkun kó wá láti Faransé nínú páálí. Bàbá ní owó igi kan péré nínú igbó yẹn ju owó oṣù òun lọ. Nígbà tí wọ́n fi ìbọn ṣe ọ̀gá náà léṣe tí wọ́n gbé e lọ, Bàbá kó àwọn sójà, ṣùgbọ́n igbó náà ti jóná. Wọ́n wá fẹ́ ṣe òmíràn, láìná fáráńkì kan.

Èmi àti Bàbá la jọ ṣe é. A já kànìnkànìn ìwẹ̀ sí wẹ́wẹ́, a rì í sínú àṣẹ́kù aró tí Ìyá Àgbà fi ń pa aṣọ láró nígbà tí ọwọ́ wọn ṣì lágbára, a sá a, a tún wá sè é pẹ̀lú ewé kan tí àwọn Jula oníṣòwò ń tà, tí omi rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Bí àwọ̀ méjèèjì bá pàdé, kànìnkànìn á dúdú bí ewé tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Wáyà ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ tó ti ṣẹ́ la fi ṣe igi: a ó lọ́ mẹ́ta pọ̀, a ó na orí wọn bí ẹ̀ka, a ó fi fọ́nrán àpò ọkà wé ara rẹ̀, a ó fi oje igi ẹlẹ́gùn-ún tí àwọn Fúlàní ń mú wá láti àríwá kùn ún, a ó sì yí i nínú iyẹ̀pẹ̀ pupa. Páálí ṣúgà la fi ṣe imọ̀ ọ̀pẹ, èmi ni mo ń fi àlùmọ́gàjí ya etí rẹ̀ fírífírí. Fọ́nrán tó kù, a rì í sínú oje, a fi kọ́ láti igi dé igi bí ìtàkùn. Ìyẹ̀fun igi láti ọ̀dọ̀ káfíńtà ni koríko ilẹ̀. Odò ni gíláàsì fèrèsé tó fọ́, tí a tẹ́ bébà búlúù sábẹ́ rẹ̀. Ọparun ló wọ́n wa jù, títí mo fi ronú kan ìgbálẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni mo ń fa ẹyọ igi ìgbálẹ̀ Ìyá Kékeré yọ, tí wọ́n ń ráhùn pé kí ló ń jẹ ìgbálẹ̀ àwọn nílé yìí.

Èmi tí wọ́n bí sí Ouaga, níbi tí èèyàn ti lè rí ẹni tó ń bọ̀ láti òkèèrè títí á fi dá fìlà rẹ̀ mọ̀, mi ò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní igbó. Mo to àwọn igi náà tẹ̀lé ara wọn, mo fi àyè sáàárín wọn dọ́gbadọ́gba. Bàbá dé, wọ́n wò ó.

"Sáfù, ta ló ní kí o kọ ebè?"

"Bàbá, igi ni mo gbìn."

"Oko ọkà nìyí. Nínú igbó tí mo sọ, tí o bá na ọwọ́ síwájú, o ò ní rí ìka rẹ. Ẹnìkejì rẹ á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, èémí rẹ̀ nìkan lo ó máa gbọ́. Dí i. Ó ṣì fẹ́, dí i sí i."

A dí i títí ọwọ́ mi kò fi lè wọlé mọ́ àfi ní ọ̀nà tóóró kan àti etí odò. Bí a bá ti ṣe tán lójúmọ́, Bàbá á kúnlẹ̀, wọ́n á gbé àgbọ̀n lé etí ilẹ̀kùn náà, wọ́n á di ojú kan, wọ́n á máa wo inú igbó láti ìsàlẹ̀. Wọ́n lè pẹ́ níbẹ̀ títí oníkẹ̀kẹ́ á fi ké sí wọn lẹ́ẹ̀mẹta. Mo rò pé iṣẹ́ wa ló wù wọ́n. Ìyá Àgbà á pariwo láti abẹ́ dóńgóyárò, "Múráínà, ṣé igbó la ó sè lálẹ́ ni?" Àgbọ̀n Bàbá á ṣì wà létí ilẹ̀kùn.

Ẹni tí òun àti Bàbá jọ ń fi àwọn sójà náà ṣeré ni Bàbá Rasmané, ọmọ Mọ̀síì, tí wọ́n jọ wà lójú ogun kan náà, tí ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn kò lè ká mọ́. Kristẹni ni wọ́n, wọ́n ń ta èédú ní etí ọjà. Wọ́n gbọ́ Nàgó, èdè wa, díẹ̀, wọ́n sì ń sọ ọ́ bí ẹni ń rìn lórí òkúta. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú ni wọ́n máa ń wá. Owó ẹyọ mẹ́rin ni wọ́n ń dà. Iye tó bá ṣíjú sókè ni iye ìgbésẹ̀ tí sójà wọn á gbé. Ní ojú ọ̀nà, ìgbésẹ̀ kan jẹ́ fífẹ̀ ìka mẹ́rin. Nínú igbó, ìka kan péré. Sójà tí ìbọn bá bà, wọn kò ní mú un kúrò, wọ́n á dá a dùbúlẹ̀ síbi tó wà títí eré á fi parí. Ìjà kan náà ni wọ́n ń jà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, láti ọ̀nà tóóró dé etí odò, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó ń rẹ́rìn-ín. Nígbà mìíràn ẹgbẹ́ Bàbá á kọjá odò láìsí ẹni tó dùbúlẹ̀. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, Bàbá Rasmané á ní, "Voilà, ó dáa náà, Kápórà," bí wọ́n ṣe ń pe Bàbá láti ojú ogun, wọ́n á sì tún tò ó láti ìbẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí òjò kọ́kọ́ rọ̀ lọ́dún náà ni Súlè bíríkìlà gbé obì wá. Nàgó bíi tiwa ni, ará Pobè, ìyàwó rẹ̀ ti kú, Pissy níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta ló ń gbé. Ó mú àgbàlagbà kan dání, wọ́n jókòó sórí ẹní, ó sì sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ láìyí i po. "Ìyá, Sàlámátù ni mo wá tọrọ. Tó bá jẹ́ opó, ẹ jẹ́ kó ṣe opó rẹ̀ tán, n ó dúró. Tó bá jẹ́ ìyàwó aláàyè, ẹ sọ fún mi, n ó dìde báyìí, mi ò ní bínú." Ìyá Àgbà ní ọkọ rẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn. Súlè wo Bàbá mi. Bàbá mi wo ilẹ̀. Súlè ní, dakọ́ọ̀, kò burú, òun á padà wá gbọ́ èsì nígbà tí wọ́n bá ń kórè ọkà, lẹ́yìn ìyẹn òun ò ní lè dúró mọ́ nítorí ilé òun ṣófo. Lẹ́yìn tí wọ́n lọ ni Ìyá Kékeré jáde lọ bá Bàbá níbi iṣẹ́. Mo wà níbẹ̀, mò ń lọ́ wáyà.

"Bàbá Sáfù, ẹ dákun, mo kúnlẹ̀. Ẹ̀yin lẹ jọ lọ. Ṣé ẹ rí i kó kú, àbí ẹ ò rí i?"

"Ẹ ní sùúrù, Ìyàwó."

"Mo ti ní in. Tó bá kú, ẹ jẹ́ kí n jókòó opó, kí n sunkún mi, kí n dìde. Tó bá wà láàyè, n ó dúró. Èyí tó wà láàárín yìí ni ó ń pa mí."

Bàbá gbé òòlù, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lu irin kẹ̀kẹ́ kan tí kò nílò lílù. Ìyá Kékeré dìde, wọ́n gbọn eékún wọn, wọ́n lọ gbé ìkòkò kaná.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan láàárín òjò ni Bàbá Rasmané yà wá, nígbà tí Bàbá ṣì wà ní mọ́sálásí. Wọ́n jókòó sídìí tábìlì láti dúró de Bàbá, èmi náà ń tún ìtàkùn ṣe. Sójà kan wà tí ìbọn rẹ̀ ti ṣẹ́, tí Bàbá máa ń fi àkísà wé sí ìsàlẹ̀ agolo, tí wọn kì í mú jáde. Mo tú u, mo béèrè pé, "Bàbá Rasmané, kí ló dé tí eléyìí kì í bá wọn ṣeré?"

Wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi. "Èyí? Lásísì ni." Wọ́n na ọwọ́ wọnú igbó, wọ́n dá a dùbúlẹ̀ sétí odò. "Ibí ni. Ọta ìbọn wọlé níbí," wọ́n fi ọwọ́ kan ikùn ara wọn. "Kò tètè kú. Ó di ìrọ̀lẹ́. Bàbá rẹ mú ọwọ́ rẹ̀, èmi ń ṣọ́ ọ̀nà. Lẹ́yìn náà, abọ́ oúnjẹ la fi gbẹ́ ilẹ̀, a sin ín. Wẹ́ńdé, Ọlọ́run, á fún un nísinmi." Wọ́n sọ ọ́ bí ohun tí gbogbo ilé ti mọ̀. Lójú tiwọn, òkú ọdún mẹ́sàn-án ni, a ti gbọ́, a ti sunkún, a ti ṣe ohun tí Nàgó ń ṣe. Wọ́n gbé sójà náà dìde, wọ́n nù ún, wọ́n dá a padà fún mi. Mo wé e sínú àkísà rẹ̀.

Àwọn èèyàn tí mo ti sọ ọ̀rọ̀ yìí fún máa ń sọ pé ọmọdé ni mí, mi ò mọ ìtumọ̀ ohun tí mo gbọ́. Wọ́n fẹ́ ṣàánú mi ni. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí, ṣùgbọ́n n kò gọ̀. Mo ti gbọ́ ohun tí Ìyá Kékeré sọ nígbà tí wọ́n kúnlẹ̀ fún Bàbá. Mo mọ̀ pé bí Lásísì bá kú, opó ló kàn. Bí opó bá parí, Súlè ló kàn. Bí Súlè bá sì dé, Pissy ni wọ́n ń lọ. Ta ni yóò wá máa wẹ̀ mí? Ẹ̀yìn ta ni n ó máa sùn mọ́? Mo ro gbogbo rẹ̀ tán kí Bàbá tó ti mọ́sálásí dé, mo sì pa ẹnu mi dé. Bí Ìyá Kékeré bá ń dúró lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀ báyìí, èmi mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń bọ̀, èmi náà á sì jẹ oúnjẹ mi láti inú abọ́ òkú. Mo ń jẹ ẹ́ tán kí wọ́n má baà bi mí léèrè.

Súlè padà wá nígbà ìkórè bó ṣe wí. Òun nìkan ló wá lọ́tẹ̀ yìí, kò gbé nǹkan kan dání. Ìyá Kékeré wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, èmi jókòó síbi ẹsẹ̀ wọn, ọwọ́ wọn wà lórí mi. A gbọ́ tí Ìyá Àgbà ní, "Ọmọ mi ń bọ̀ lẹ́yìn, mi ò lè fi ìyàwó rẹ̀ tọrẹ." A gbọ́ tí Bàbá hú ikọ́ tí kò sí lọ́fun wọn. Ọwọ́ orí mi di líle bí ẹni di etí ẹní mú. Ọ̀rọ̀ kan péré ni, ó wà lórí ahọ́n mi, mo gbé e mì. Súlè ní, "Ó dáa, Ìyá. Mi ò fẹ́ gba aya aláàyè. Barka, ẹ ṣeun." A gbọ́ bàtà rẹ̀ títí dé ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí ọyẹ́ dé, a gbọ́ pé ó ti fẹ́ ọmọbìnrin kan láti Bobo.

Kí ni mo wá lọ ṣe lẹ́yìn tí mo ti rí ohun tí mo fẹ́ gbà? N kò lè sọ pé mo mọ ìdí rẹ̀. Mo mọ̀ pé ó ń dùn mí pé Lásísì wà níbẹ̀ láìsí àmì kankan, tí àwọn méjèèjì ń fi sójà gun orí rẹ̀ kọjá lọ́jọọjọ́ Àìkú. Mo po amọ̀ pupa díẹ̀, mo ṣe òkìtì kékeré gígùn kan sétí odò, mo fi èérún òkúta funfun sí orí rẹ̀ bí mo ṣe rí i ní ibojì àwọn Mùsùlùmí. Mo fi iyẹ̀fun igi bò ó ní ẹ̀gbẹ́ kó lè dà bíi pé ó ti pẹ́. Iṣẹ́ náà mọ́ lọ́wọ́ mi ju gbogbo igi tí mo ti ṣe lọ.

Lọ́jọ́ Àìkú, Bàbá da owó ẹyọ, wọ́n na ọwọ́ láti gbé sójà àkọ́kọ́, ọwọ́ náà dúró lókè. Bàbá Rasmané tẹ̀ síwájú wò ó. "Áà, Sáfù, o ti ṣe é! Ó dára. Ṣùgbọ́n ibí kọ́, abẹ́ ọparun ni. Kápórà, àbí irọ́ ni mo pa?" Wọ́n sì fi ìka kan ti òkìtì náà sábẹ́ àwọn igi ìgbálẹ̀ tí mo gbìn. Ìyá Kékeré ti ń gbé omi mímu bọ̀ fún wọn. Wọ́n dúró pẹ̀lú igbá lọ́wọ́.

"Sàréè ta nìyẹn?"

Bàbá fa ọwọ́ wọn padà kúrò lórí tábìlì.

"Bàbá Sáfù, mo ní sàréè ta nìyẹn?"

Bàbá Rasmané wo Bàbá, wọ́n wo Ìyá Kékeré, mo rí i tí ojú wọn yí padà. "Kápórà," ohùn wọn ti lọ sílẹ̀, "o ò sọ fún wọn?"

"Ti Lásísì ni," ni Bàbá wí.

Ìyá Kékeré gbé igbá omi kalẹ̀ jẹ́ẹ́, kò dà. Ìró tẹ̀sùbáà ti dáwọ́ dúró lábẹ́ dóńgóyárò. Ìyá Àgbà kò pariwo. Wọ́n béèrè láti ibi tí wọ́n jókòó sí pé, "Ṣé ẹ wẹ̀ ẹ́?"

"Kò sí ààyè, Ìyá. Iyẹ̀pẹ̀ ni mo fi ṣe é fún un."

"Ta ló tò lẹ́yìn rẹ kí ẹ tó kírun sí i lára?"

"Kò sẹ́ni. Èmi nìkan."

Ìyá Àgbà mi orí, wọ́n tún mú tẹ̀sùbáà. Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, wọn kò kọjú sí ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní ojú ọ̀nà làwọn wà lọ́jọ́ táwọn dé, Ìyá kò tíì mu omi. Wọ́n ní àwọn rò pé táwọn bá délé, àwọn á pe Àlùfáà, àwọn á pe àwọn àgbà, kí wọ́n bá àwọn sọ ọ́ bó ṣe yẹ. Kí wọ́n tó sọ ẹrù kalẹ̀, Ìyá Àgbà ti pa àgbò, wọ́n ti ṣe sàráà ọpẹ́, gbogbo Nàgó tó wà ní Zangouettin ti jẹ ẹran pé ọmọ méjèèjì yè. "Ta ni ǹ bá tún kọjú sí?" Mi ò lè dá wọn lẹ́bi fún ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn. Bí a ṣe ń túfọ̀ nìyẹn láàárín wa: a ò ní já a lu ìyá olókùú lójú ọ̀nà, a ó ní ara ẹni náà kò yá, a ó ní ó ṣì kù díẹ̀, títí àwọn tó lè dì í mú á fi yí i ká. Ọjọ́ kejì ni ẹ̀bi Bàbá bẹ̀rẹ̀, àti gbogbo ọjọ́ tó tẹ̀ lé e. Ìwé ikú Lásísì ti dé láti ọ́fíìsì àwọn ọmọ ogun tipẹ́, Bàbá nìkan ló mọ Faransé kà nínú ilé, wọn kò sì kà á fún ẹnikẹ́ni.

Wọ́n pe Àlùfáà lọ́jọ́ kejì ọjọ́ Àìkú náà, kí ó wá fi Ìyá Kékeré jókòó opó. Àlùfáà béèrè ọjọ́ tí Lásísì kú. Ó ní ọjọ́ tí ọkọ bá kú ni òǹkà opó ti ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ tí ìyàwó gbọ́. Ó ní oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá náà ti parí tipẹ́tipẹ́, kò sí ìjókòó kankan lọ́rùn obìnrin yìí.

"Ẹ ń sọ pé láti ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti bọ́?" ni Ìyá Kékeré wí.

"Ní ti òfin, bẹ́ẹ̀ ni."

Ìyá Kékeré rẹ́rìn-ín. Mi ò tíì gbọ́ irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ rí, kò sì wù mí kí n tún gbọ́ ọ. Wọ́n wọlé lọ ká aṣọ wọn, wọ́n ní ilé bàbá àwọn ní Sakété làwọn ń lọ. Bàbá mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ìyàwó àbúrò wọn lójú gbogbo ará agboolé, ohun tí kò sẹ́ni tó rí rí. Ìyá Kékeré ní kí wọ́n dìde, iyẹ̀pẹ̀ wà nílẹ̀. Kò sẹ́ni tó tún sún mọ́ tábìlì náà. Eruku ọyẹ́ bò ó, ewé rẹ̀ pupa, odò rẹ̀ pupa.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí ọkọ̀ máa gbé wọn, Ìyá Kékeré pè mí kí n wá di irun. Mo jókòó sáàárín ẹsẹ̀ wọn. Wọ́n ya irun mi, wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti iwájú.

"Sáfù, ìgbà wo lo ti mọ̀?"

Mo lè parọ́. Ó rẹ̀ mí. "Kí Bàbá Súlè bíríkìlà tó padà wá."

Ọwọ́ wọn dúró, ó sì tún ń lọ. "Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Ẹ ó lọ ni."

Wọ́n di ẹsẹ̀ irun kan tán, wọ́n di òmíràn. "Bẹ́ẹ̀ ni, ǹ bá lọ," ni wọ́n wí. "Mo ti bá Súlè sọ ọ́ kó tó gbé obì wá rárá. Mo ní èmi àti ọmọ mi la jọ ń bọ̀. Ó ní kò burú. Ó ti mọ yàrá kan kún ilé rẹ̀ nítorí rẹ, òkúta ló fi mọ ọ́, ó ní kí òjò má baà dà ọ́ láàmú. Ilé bàbá mi ni mò ń lọ báyìí, Sáfù. Wọn ò ní jẹ́ kí n mú ọmọ ọlọ́mọ wọ ibẹ̀."

Wọ́n di ìyókù. Wọ́n so ìdí rẹ̀, wọ́n gbọn irun tó já kúrò lára aṣọ wọn, wọ́n ní kí n dìde.